Àwẹ̀ró Aláǹtakùn àti Àwọn Oníbodè Araóle

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun yó ni? Mo ní, Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ tèmi gbéra, ó rìn títí, kò yà sóko, kò yà lọ́jà, ó lọ fìdí kalẹ̀ sí ẹnu bodè ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Araóle. Ó jókòó ti àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ṣọ́ bodè náà, ó sì jókòó ti obìnrin aláǹtakùn kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Tinúadé, nu imú rẹ. Nítorí ọ̀fìnkìn tó ń dà ọ́ láàmú yìí gan-an ni mo ṣe fẹ́ pa á. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo yín ń pè mí nínú agbo ilé yìí, ẹ rò pé abẹ́rẹ́ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n gún. Ẹ súnmọ́ ibí.

Ní ìgbà kan rí, èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé ní Araóle. Odi ló yí ìlú náà ká, bodè kan ṣoṣo ló sì ní. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni oníbodè. Àjàgbé ni olórí wọn, ọ̀pọ̀lọ́ oníkùn ràgàjì, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé bó bá yán, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á rí i.

"Kí ni wọ́n ń ṣọ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì?"

Olè ni, Akínlàjà. Ìlú náà ní ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Gbalé-onílé. Kò tóbi rárá. Eruku ojú fèrèsé jù ú lọ. Kò nílé, kò láàrò, kò ní ìkòkò. Kò lè dá ọmọ bí níta. Ṣùgbọ́n bó bá ráyè wọ ilé onílé, á jókòó ti ààrò wọn, á fi ìkòkò wọn se ọmọ bíi tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà á pọ̀ títí ògiri á fi là, wọ́n á tú jáde, wọ́n á kó wọ ilé kejì.

Ohun tí Àjàgbé àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe nìyí. Bí Gbalé-onílé bá yọjú báyìí, ahọ́n á ti jáde, ó ti gbé e mì. Olè ọ̀hún ò ní kú lẹ́sẹ̀ kan náà o. Á tún fẹ́ máa se ọmọ nínú ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ikùn á máa kùn, á máa ru, Àjàgbé ò ní lè mú un mọ́ra, á figbe ta. Igbe yẹn gan-an ni ìlú ń fẹ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, onílé á tìlẹ̀kùn, aláàrò á da omi síná, olè á wá ibi tí yóò gbé se nǹkan tì.

"Ṣé kì í dùn ún ni?"

Ó ń dùn ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Lẹ́bàá bodè, lápá inú ìlú, ni ìdílé àwọn aláǹtakùn ń gbé. Ahunwọ̀n ni wọ́n, Àwẹ̀ró sì ni ìyá wọn. Àwọ̀n olè kan kì í bá olè mìíràn mu. Wọ́n ní láti rí olè náà, wọ́n á wọn ọrùn rẹ̀, wọ́n á wọn ìbàdí rẹ̀, wọ́n á hun àwọ̀n, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un hun. Bó bá parí, olè yẹn ò tún lè gbé apá mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kó tó parí. Ìyẹn ni àwọn ará ìlú fi ń pè wọ́n ní Ìdílé Ó-di-ọ̀tunla.

"Àwẹ̀ró, àwọ̀n dà?"

"Ó di ọ̀tunla."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún máa ń ta àwọ̀n jákujàku kan kọ́ sí ẹnu bodè, èyí tí kò bá ọrùn olè kankan mu, tó kàn ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí.

Nǹkan mìíràn wà tí Àwẹ̀ró ń ṣe tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lórí òwú rẹ̀ títí dé iwájú àwọn oníbodè, á máa kì wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn. Bí mo bá ti ń kọ ọ́, ẹ máa gbè é ní "Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀".

Àjàgbé oníbodè o,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Ọmọ oníkùn ràgàjì,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Ẹnu rẹ nilẹ̀kùn ìlú,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Ikùn rẹ ni túbú olè,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
O ké, gbogbo ìlú tìlẹ̀kùn,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.

Ẹ mọ bó ti ń rí bí wọ́n bá ń ki èèyàn. Orí á wú. Àjàgbé tó ti ń tòògbé á gbé àyà sókè, ojú rẹ̀ á là kedere. Bó bá parí, á ní, "Ẹ ṣé o, ìyá." Àwẹ̀ró á ní, "Kò tó ọpẹ́." Ó tán. Àwọn tó ń kọjá lọ á máa yínmú sí wọn: "Ẹ wo àwọn aláǹtakùn, wọ́n tún ti ń ṣòfófó."

Ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Àgbàdo inú àká ń lọ sílẹ̀. Balógun Ìjàlọ, olórí àwọn ọmọ ogun, gba ààfin lọ. Èèrà ni o, ṣùgbọ́n bó bá ń rìn, ẹ ó rò pé ẹfọ̀n ló ń bọ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, àwa tí à ń jà ò rí jẹ. Ẹ wo àwọn aláǹtakùn. Bí olè bá dé lónìí, ṣé òní náà ni wọ́n ń mú un?"

Ọba ní, "Rárá. Ó máa ń di ọ̀tunla."

"Kí wá ni wọ́n ń jẹun òní fún?"

Ọba Araóle kì í ṣe èèyàn burúkú. Arúgbó ni, ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ kẹ́yìn ló máa ń dùn mọ́ ọn jù. Ó ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró, ó ní kí òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí aba tó wà lódìkejì odò. Bí olè bá dé, wọ́n á ránṣẹ́ pè wọ́n.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ń gba àkókò.

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Èmi ni mo ń ki àwọn oníbodè nírọ̀lẹ́. Ta ni yóò máa kì wọ́n?"

Balógun bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé oríkì ni wọ́n fi ń ṣọ́ bodè ni? Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ẹnu wọn ò sì lọ síbì kan."

"Kábíyèsí, ẹyin mi wà lábẹ́ òrùlé bodè. Wọn ò tíì pa. Bí mo bá já àpò wọn kúrò níbẹ̀, wọ́n kú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró kí wọ́n pa."

Balógun ní bí gbogbo ìlú bá ń dúró de ẹyin aláǹtakùn, àká á gbẹ. Ọ̀rọ̀ Balógun ni ọba gbọ́ kẹ́yìn, ó sì gba tirẹ̀. Ó tún fi òfin lé e: aláǹtakùn tó bá padà wọ̀lú láìjẹ́ pé wọ́n pè é, ìjàlọ ló ni ín.

"Ìkà ni Balógun yẹn."

Kì í ṣe ìkà, Tinúadé. Ohun tó rí ló sọ. Ohun tí kò rí ló pọ̀ jù.

Àwẹ̀ró lọ sí bodè. Àpò ẹyin náà wà lókè, funfun báláú, ó so mọ́ igi òrùlé. Ó wò ó títí. Ó dùn ún dé ọkàn. Ó wá kọjú sí Àjàgbé.

"Àjàgbé, mo fi àwọn ọmọ mi sọ́wọ́ rẹ."

"Ìyá, eṣinṣin tó bá bà lé àpò yìí, inú mi ló bà sí. Ẹ máa lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Òótọ́ inú ni Àjàgbé fi sọ ọ́. Ẹ má gbàgbé pé òótọ́ inú ni.

Wọ́n kó dé aba. Nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró gun orí igi tó ga jù, ó kọjú sí ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n láti ibẹ̀. Ọ̀nà ti jìn jù. Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ní bodè, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ jókòó, wọ́n ń retí oríkì wọn. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún retí. Nígbà tó yá, ọ̀kan wo ẹnìkejì, ó ní, "Kí là ń dúró dè níbí gan-an?" Ẹnìkejì ní òun náà ti ń rò ó. Wọ́n bá lọ sí adágún, wọ́n lọ ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ku Àjàgbé nìkan. Òun jókòó, nítorí ara rẹ̀ ti mọ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ló jókòó ṣe, kò mọ̀ ọ́n. Àwọ̀n jákujàku tó wà lẹ́nu bodè já, kò sẹ́ni tó tún un ta. Balógun kọjá, ó rí i pé bodè dákẹ́ rọ́rọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i? Láti ìgbà tí àwọn olófòófó ti lọ, ìlú rọgbọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gbalé-onílé dé.

"Ẹ kúulé o."

Àjàgbé ní, "Ẹ káàbọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin ni oníbodè?"

Àjàgbé ronú. "Èmi? Ọ̀pọ̀lọ́ ni mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Gbalé-onílé wí, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Araóle ò rẹ́rìn-ín o. Ilé amọ̀kòkò kan ló kọ́kọ́ yà, nítorí ibẹ̀ ni ìkòkò pọ̀ sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ara amọ̀kòkò ti gbóná bí ààrò, ó ti dùbúlẹ̀, àwọn àlejò sì ń tú jáde láti ìdí ìkòkò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó figbe ta, kò sẹ́ni tó tìlẹ̀kùn. Balógun kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jáde, wọ́n ń sáré sókè sódò. Ojú títì ni wọ́n ti ń wá olè, olè wà ní ìdáná.

Ológoṣẹ́, ẹyẹ tó máa ń wá ṣa ọkà jẹ ní aba, ló gbé ìròyìn dé.

"Àwẹ̀ró, ìlú ti dàrú. Ilé tí ẹ bá yà, ara wọn ń gbóná."

Àwẹ̀ró ní, "Kò lè rí bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ igbe Àjàgbé."

"Igbe kẹ̀? Gbogbo ọ̀pọ̀lọ́ wà ní adágún. Àjàgbé nìkan ló wà ní bodè, ebi ti wá ń pa á, gbogbo ohun tó bá ń rìn níwájú rẹ̀ ló ń lá jẹ. Mo ní, 'Àjàgbé, ẹ kúu jókòó.' Ó ní, 'Ta ni Àjàgbé?'"

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀lọ́ tó bá mọ̀ pé oníbodè lòun, alágbàtọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò mọ nǹkan kan ju pé ebi ń pa òun, kí ló ń jẹ?

"Kòkòrò."

Ọmọ aláǹtakùn ńkọ́?

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ará aba náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹyin náà yóò pa nígbàkígbà.

Àwẹ̀ró ní òun ń lọ. Àwọn ẹbí dì í mú. Wọ́n ní, "Wọn ò pè wá. Ìjàlọ á jẹ ọ́."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìjàlọ á jẹ mí. Bí mo bá jókòó síbí, ọ̀rọ̀ yìí á máa jẹ mí títí n ó fi kú. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé mi, kó di àwọ̀n jákujàku rẹ̀ mú dání."

Ó ta òwú sókè, afẹ́fẹ́ gbé e, ó gba orí odò kọjá. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tó máa dé bodè, àpò ẹyin ti là. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ta, wọ́n ń fì síbí, wọ́n ń fì sọ́hùn-ún, iwájú ẹnu Àjàgbé tààrà ni wọ́n sì ń bọ̀. Àjàgbé ti rí wọn. Ó gbé itọ́ mì.

Àwẹ̀ró ju ara rẹ̀ sáàárín. Ahọ́n jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn láyà, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ di ọ̀kan. Ẹ̀rù bà á gan-an, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò lẹ̀. Bí ahọ́n ti ń fà á lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ẹ bá a gbè é.

Àjàgbé oníbodè o,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Ọmọ oníkùn ràgàjì,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.

Àjàgbé ò dá a mọ̀. Ahọ́n ń wọlé.

Ẹnu rẹ nilẹ̀kùn ìlú,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Ikùn rẹ ni túbú olè,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.

Ó ti dé ètè. Ooru ọ̀fun Àjàgbé ti ń kàn án lára.

Bí o bá gbàgbé ara rẹ,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.
Èmi ò gbàgbé rẹ o,
Fẹ̀rẹ̀kúfẹ̀.

Ahọ́n dúró. Àjàgbé ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀. Ó rọra gbé Àwẹ̀ró sílẹ̀, ó wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń fì níwájú rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"Ìyá, díẹ̀ ló kù kí n jẹ yín."

"O ò jẹ mí. Tó bá yá, o lè sunkún. Olè ti wọ̀lú."

Àfi bíi pé wọ́n pè é: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Gbalé-onílé ń rìn bọ̀, ó rò pé bodè ṣì ṣófo. Àjàgbé gbé e mì. Ikùn kùn, ikùn ru, Àjàgbé sì figbe ta. Igbe náà dé ìkángun ìlú. Àwọn ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà, gbàgà. Iná ààrò ń kú, èéfín gba ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ Àwẹ̀ró ti sáré dé adágún, wọ́n ń ki àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó kù, àwọn náà ń fò jáde nínú omi pẹ̀lú ìtìjú. Àwọn aláǹtakùn ta àwọ̀n jákujàku sí gbogbo ìkóríta. Kò mú olè pinpin, ṣùgbọ́n ó ń fà á lẹ́sẹ̀ títí ọ̀pọ̀lọ́ fi ń dé bá a. Balógun ẹ̀wẹ̀ wá mọ ibi tó yẹ kó lọ. Ilé tí olè ti gbà tán, òun àti ìjàlọ wó o lé wọn lórí. Ilé amọ̀kòkò wà lára wọn. Wọ́n ti gbé amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ jáde ṣáájú; ó yè é, ṣùgbọ́n ó rù kan eegun.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, Balógun kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá sí bodè. Ó bá Àwẹ̀ró níbi tó ti ń wọn ọrùn olè kan tí wọ́n mú, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, a ò pè ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò pè mí."

"O mọ ohun tí òfin wí."

Àjàgbé dìde, ó jókòó sáàárín wọn, ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ mú un, ọ̀nà ibí ni kó gbà."

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí ọba fi dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Àwẹ̀ró, kí lo ṣe fún àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yìí?"

"Mo kì wọ́n ni, Kábíyèsí."

"Oríkì lásán?"

"Oríkì ni. Kò sí lásán nínú rẹ̀."

Ọba fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dúró. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ Balógun dùn lẹ́nu. Mo gbé e mì tán kí n tó mọ̀ pé eegun wà nínú rẹ̀. Mo wọ́gi lé òfin náà. Má bínú sí mi."

Àwọn aláǹtakùn padà sílé wọn. Wọ́n hun àwọ̀n tó bá ọrùn Gbalé-onílé náà mu, wọ́n fi kọ́ ẹnu bodè. Nígbà tó tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kò ráyè kí ẹnikẹ́ni kúulé.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, lẹ́yìn tí ọba ti lọ, Balógun ò lọ. Ó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀. Àwẹ̀ró ń wò ó.

"Àwẹ̀ró."

"Balógun."

"Ṣé ìdílé tiwa náà ní oríkì?"

Àwẹ̀ró ní, "Ó ní. Ó gùn. Ẹ jókòó."

Balógun Ìjàlọ, tí kò jókòó níwájú ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀, jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀.

Tinúadé, Araóle ni ara rẹ yìí. Gbalé-onílé ni àwọn fáírọ́ọ̀sì, irú èyí tó wà ní imú rẹ. Àwọn aláǹtakùn ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó ń gbèjà ara. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àwọ̀n wọn ń pẹ́, pé ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó délẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wádìí ti rí i lára eku pé kí àwọ̀n tó délẹ̀ rárá, sẹ́ẹ̀lì B ti ń ṣiṣẹ́: àwọn ló ń ránṣẹ́ lójoojúmọ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyẹn àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wa, kí wọ́n má baà gbàgbé pé oníbodè ni wọ́n. Bí ìyẹn bá dáwọ́ dúró, bodè á ṣófo.

Ohun tí àlọ́ mi ń kọ́ wa ò le. Ẹni tó ń mú kí ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ni òun náà ń ṣe. Ẹ má lé e lọ nítorí pé ẹ ò rí ohun tó mú lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ ni mo fi í sí. Bí mo bá fi irọ́ bù mọ́ ọn, kí ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la jó mi létè. Bí n kò bá fi irọ́ bù mọ́ ọn, kí n mu ún, kó dùn, kí n sì tún bù sí i.